Bí ajá ṣe ń gba kéèjì bí ilé: nínú ilé àti lójú ọ̀nà, ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣágámù, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi kéèjì ajá ṣe. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti ajá mọ́nú rẹ̀. Ilẹ̀ ṣú, wọ́n tú u sílẹ̀ kó máa ṣọ́lé. Wákàtí 13 tàbí 14 ni ajá yóò fi wà lójú kan lẹ́yìnkùlé, nínú ìtọ̀ ara rẹ̀, tí oòrùn ń pa á. Bó bá wá ń gbó ṣáá, tó ń bu ọmọ aládùúgbò jẹ, wọ́n á ní ajá náà ti ya òǹrorò. Òǹrorò kọ́. Ajá tí kò rí èèyàn, tí kò rí ibi yàgbẹ́ sí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan iyẹ̀pẹ̀ látàárọ̀, kí ni ẹ fẹ́ kó yà?

Kéèjì tí à ń sọ níhìn-ín ni èyí tí ajá ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀. Ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń sá sí nígbà tí ìbọn bá ń dún, ẹ sì lè gbé e sínú mọ́tò láìjẹ́ pé ajá ń họ ilẹ̀kùn títí dé Èkó. Ohun tó ń gba sùúrù níbẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí fún ọjọ́ púpọ̀ kí ẹ tó tì í fún ìṣẹ́jú kan péré. Àwọn tó bá fo ìyẹn ni ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ajá ìbílẹ̀ kì í gbọ́ ti kéèjì.

Ẹ wọn ajá kí ẹ tó ra kéèjì

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kéèjì wáyà tó ń ká pọ̀ ní tíréè nísàlẹ̀, atẹ́gùn sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Nínú ooru wa, òun ló dára jù fún inú ilé. Àpótí ike líle, tó ní ilẹ̀kùn irin níwájú àti ihò atẹ́gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìrìn àjò ló wà fún. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wẹ́dà ń jó. Ó lágbára ju méjèèjì lọ, ó sì wúwo jù wọ́n lọ.

Èyí tó wù kó jẹ́, téèpù télọ̀ ló kàn. Ẹ jẹ́ kí ajá dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹnì kan rọra di orí rẹ̀ mú, kí ẹnì kejì fa téèpù láti imú dé ìdí ìrù, ibi tí ìrù ti hù, kì í ṣe ṣóńṣó rẹ̀. Ẹ fi 10 sẹ̀ǹtímítà kún un, gígùn kéèjì nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó jókòó, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé orí. Bí etí rẹ̀ bá nà sókè bíi ti Alsatian, ẹ wọ̀n ọ́n dé ṣóńṣó etí. Ẹ fi 8 sẹ̀ǹtímítà kún un, gíga rẹ̀ nìyẹn. Ká mú ajá ìbílẹ̀ kan tó ti dàgbà, tí imú sí ìdí ìrù rẹ̀ jẹ́ 70, tí ilẹ̀ sí orí rẹ̀ ní ìjókòó jẹ́ 58. Kéèjì rẹ̀ á gùn tó 80, á ga tó 66, fífẹ̀ rẹ̀ á sì tó 53, kó lè yí po láìfi ẹ̀yìn gbá irin. Fún wẹ́dà tó ń fi ínṣì ṣírò, ẹ kọ 32, 26 àti 21 sórí páálí fún un.

Kéèjì kékeré ń pa ajá lára, ṣùgbọ́n èyí tó tóbi jù náà ní wàhálà tirẹ̀, pàápàá fún ọmọ ajá. Ọmọ ajá kì í fẹ́ tọ̀ síbi tó ń sùn sí. Bí àyè bá pọ̀ lápọ̀jù, á sùn ní igun kan, á sọ igun kejì di ṣáláńgá, gbogbo ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó tí ẹ fẹ́ kọ́ ọ á sì bàjẹ́. Bó bá jẹ́ ọmọ Alsatian tàbí Boerboel lẹ rà, ẹ ra kéèjì tó máa gbà á nígbà àgbà, kí ẹ sì fi plywood dá a sí méjì. Bó ṣe ń dàgbà ni ẹ ó máa ti plywood náà sẹ́yìn. Ẹ dè é gírígírí lókè àti nísàlẹ̀. Ọmọ ajá tó bá ki orí bọ àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè má rí i fà jáde.

Bó bá jẹ́ wẹ́dà lẹ fẹ́ gbéṣẹ́ fún, ẹ dúró tì í, torí kéèjì adìẹ ló mọ̀ ọ́n jó. Àlàfo àárín irin kò gbọdọ̀ ju 2.5 sẹ̀ǹtímítà lọ fún ọmọ ajá àti ajá kékeré bíi Lhasa. Fún ajá ńlá, 5 ló pọ̀ jù. Àlàfo tí orí bá gbà, tí èjìká kò gbà, òun ló ń pa ọmọ ajá. Nẹ́ẹ̀tì onírin lásán kò dára fún ilẹ̀ kéèjì: ó ń dá egbò sí àtẹ́lẹsẹ̀, èékánná sì ń há sí i. Kí ó fi plywood tó nípọn tẹ́ ẹ, kí ẹ wá fi kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà bo plywood náà dé etí, kí ìtọ̀ má baà wọnú igi. Ẹ ní kó fi fáìlì ra gbogbo ojú ibi tó ti jó, inú àti òde. Ẹ fi ìka yín gba ojú ibẹ̀ kọjá. Bó bá ha yín, kò tíì parí. Ìkọ́ ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, torí ajá tó lágbára máa ń fi orí ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn onííkọ́ kan títí á fi rí àyè ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ má fi àgádágodo tì í o. Iná lè ṣẹ́ yọ nílé, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò ẹni tó wà ní Èkó. Bí wọ́n bá kùn ún tán, ẹ jẹ́ kó wà níta fún bí ọ̀sẹ̀ kan títí òórùn ọ̀dà á fi lọ tán. Ẹnu ajá kì í kúrò lára irin.

Ẹni tó bá ra àlòkù, kó má gbé e wọlé bẹ́ẹ̀. Parvo, àrùn tó ń mú ọmọ ajá bì, tó ń mú un ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, tó sì lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀, kòkòrò rẹ̀ ń pẹ́ lára irin àti ike fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọṣẹ kì í pa á. Bíléèṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun ló ń pa á: ife kan sínú ife omi 20. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ìdọ̀tí àti ìtọ̀ kúrò pátápátá, torí bí bíléèṣì bá pàdé ìtọ̀, atẹ́gùn tó ń ta ojú àti àyà ló máa ń yọ. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi bíléèṣì náà sí i, kí ara rẹ̀ tutù fún ìṣẹ́jú 10 láìgbẹ, kí ẹ ṣàn án, kí ẹ sì sá a sóòrùn. Ẹ yẹ gbogbo oríkèé rẹ̀ wò fún eégbọn pẹ̀lú. Inú ihò bóòtì ni wọ́n fẹ́ràn láti yé ẹyin sí.

Ibi tí kéèjì máa wà

Igun pálọ̀, níbi tí àwọn ará ilé ń jókòó, ló dára jù. Ajá fẹ́ máa gbọ́ ohùn èèyàn. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹnu ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà kọjá, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ìdí fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń gbà wọlé. Bálíkónì kò dára: oòrùn ń yí, òjò ń fẹ́ wọ̀ ọ́. Ẹ má sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀, àní bí ògiri kan bá wà láàárín tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Atẹ́gùn olóró tó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ kò láwọ̀, kò ní òórùn, ajá tó wà nínú kéèjì kò sì ní ibi tó máa sá gbà.

Ọ̀tá kan wà tí àwọn ìwé òyìnbó kì í sọ: ìjàlọ. Nígbà òjò, wọ́n máa ń rìn lóru, pàápàá níbi tí ilé bá ti bá igbó tàbí oko kòkó pààlà, bíi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti etí Ìkẹ́nnẹ́. Ajá tó wà nílẹ̀ á sá fún wọn. Èyí tó wà nínú kéèjì kò ríbi sá sí, ọmọ ajá kì í sì í pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí kéèjì yín bá ní ẹsẹ̀, ẹ ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ inú agolo tí ọ́ìlì àlòkù mọ́tò wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí àwọn tó ń sin ehoro ṣe ń ṣe, kí agolo náà sì wà níbi tí ahọ́n ajá kò lè dé. Ẹ wá wò ó bóyá nǹkan mìíràn ń kan kéèjì náà: aṣọ tó jò dé ilẹ̀, okùn, ìgbálẹ̀ tí ẹnì kan fi tì í, ògiri. Ọ̀kan ṣoṣo tó, afárá ni wọ́n máa fi ṣe. Kí àjẹkù oúnjẹ má sì sùn síbẹ̀.

Ohun tí ajá máa sùn lé: bùláńkẹ́ẹ̀tì àlòkù tí ẹ lè fọ̀ tó. Fún ajá tó ń jẹ aṣọ, ẹ kó o kúrò, kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà nìkan ti tó o; okùn aṣọ tó bá gbé mì lè lọ́ mọ́ ìfun rẹ̀. Kọ́là gbọ́dọ̀ kúrò lọ́rùn rẹ̀ nígbà gbogbo tó bá wà nínú kéèjì. Ìkọ́ kọ́là ń há sí wáyà, bí ajá bá sì ti ń jà láti yọ ara rẹ̀ ni ọrùn rẹ̀ á máa fún sí i.

Kíkọ́ ajá láti wọlé

Ọjọ́ kìíní, ẹ gbé kéèjì kalẹ̀, ẹ fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀ sẹ́yìn kó má baà gbá a lẹ́yìn lójijì. Ìró gbàm lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè ba ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́. Ẹ bọ ẹ̀dọ̀ màlúù láìfi iyọ̀ àti alùbọ́sà sí i, ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí èékánná ọmọdé. Ẹ ju ọ̀kan sẹ́nu ọ̀nà kéèjì, ọ̀kan sí àárín, ọ̀kan sí ìparí, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Ẹ má pè é, ẹ má tì í nídìí. Ọ̀pọ̀ ajá ni ẹsẹ̀ iwájú méjì nìkan máa wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí ọrùn á nà gbọọrọ, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á dúró síta bí ẹni tó ń wo kànga. Ìyẹn tó. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́.

Bó bá ti ń wọlé tìrù-tìrù, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sí ìparí kéèjì. Ní báyìí ẹ lè yan ọ̀rọ̀ kan, kí gbogbo ará ilé sì máa lo ọ̀rọ̀ kan náà. “Wọlé!” ti tó. Bí bàbá bá ń sọ “Wọlé”, tí ọmọ ń sọ “Go inside”, tí màmá ń sọ “Kọjá síbẹ̀ yẹn”, èdè mẹ́ta ni ajá ń kọ́. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà kí ẹ tó gbé abọ́ kalẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbà tó bá ń jẹun tọkàntọkàn, tí kò wẹ̀yìn mọ́, ni ẹ tó máa rọra ti ilẹ̀kùn. Ẹ tẹ́tí sí abọ́. Bí ahọ́n bá ti ń lá ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó tó lá a tán, ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn ná. Ohun tí ajá ń kọ́ níbẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn tó tì máa ń ṣí, kò nílò kó họ ọ́. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn oúnjẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, mẹ́ta, márùn-ún, mẹ́wàá. Kó tó pé ìṣẹ́jú 10, ẹ jókòó síbi tó ti ń rí yín. Lẹ́yìn náà, ẹ dìde lọ sí kíṣìnnì kí ẹ padà. Lẹ́yìn náà, ẹ jáde síwájú ilé. Bó bá ti lè dúró fún ìṣẹ́jú 30 láìsunkún nígbà tí ẹ kò sí nílé, ẹ lè dé ọjà Òkè-Àjẹ́ kí ẹ ra nǹkan díẹ̀ kí ẹ tó padà. Ajá kan lè tètè dé ibẹ̀, òmíràn lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pàápàá èyí tí wọ́n ti há mọ́ rí. Bó bá kọsẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan, ẹ padà sí èyí tó ṣáájú rẹ̀, ẹ má fi agbára tì í síwájú.

Nígbà tó bá ń ké ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ìgbà tó tọ̀ kẹ́yìn. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tàbí ó ti tó ìṣẹ́jú 15 sí 30 lẹ́yìn tó jẹun, ẹ mú un jáde tààrà sí ibi tó ń tọ̀ sí, láìbá a ṣeré, kí ẹ sì dá a padà. Bó bá ti tọ̀ tán tó jẹ́ pé ariwo lásán ló ń pa, ẹ dúró dìgbà tó bá dákẹ́, kódà fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, kí ẹ tó ṣí i. Ẹni tó bá ṣí i láàárín igbe ti kọ́ ọ pé igbe ni kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá fi igi gbá kéèjì náà sì ti bà á jẹ́ fún ajá yẹn, torí ẹ̀rù ibẹ̀ ni yóò máa bà á.

Kéèjì kì í ṣe ibi ìjẹníyà. Ajá tó jẹ bàtà, tí ẹ wá wọ́ lọ́rùn sọ sínú rẹ̀, kò ní fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́la. Kí àwọn ọmọdé náà mọ̀ pé bí ajá bá ti wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ tàbí igi bọ̀ ọ́.

Lóru, kí kéèjì ọmọ ajá wà ní yàrá yín fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ni. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ á jí yín lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì láti tọ̀, kò sí ọgbọ́n tí ẹ máa dá sí i. Lójú ọ̀sán, ìṣirò tí àwọn tó ń kọ́ ajá ń lò ni pé kí ẹ ka ọjọ́ orí rẹ̀ ní oṣù, kí ẹ fi ọ̀kan kún un: ọmọ oṣù mẹ́ta, wákàtí mẹ́rin ló pọ̀ jù, ó sì sàn kó má tó bẹ́ẹ̀. Àgbà ajá, wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà, lẹ́yìn tó bá ti rìn tó sì ti tọ̀. Ẹni tó ń jí jáde ní aago márùn-ún lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, tó ń wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kéèjì kọ́ ni ojútùú rẹ̀. Ọgbà tó ní òjìji, tàbí ẹni tó máa wá tú ajá sílẹ̀ lọ́sàn-án, ni kó wá.

Àwọn ajá kan wà tí ẹ̀rù ìdánìkanwà ń dà láàmú gidi. Ẹ ó bá itọ́ tó ti rin àyà rẹ̀ gbingbin, eyín tó kán lára wáyà, irin tó tẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lára èékánná. Ẹ má wá irin tó le jù bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹ dá kéèjì dúró, kí ẹ kàn sí dókítà ẹranko. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní yunifásítì FUNAAB ní Abẹ́òkúta àti ní Yunifásítì Ìbàdàn, bí kò bá sí ní tòsí yín.

Ọjọ́ ariwo

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìbọn sì ń dún láti òwúrọ̀. Àríyá òpin ọ̀sẹ̀ tiwa náà kò kẹ̀rẹ̀: kánópì, gbohùngbohùn, ìlù títí di òru. Etí ajá ń gbọ́ ohun tí tiwa kò lè gbọ́. Ọ̀pọ̀ ajá tó sọnù nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, géètì tí àlejò ṣí sílẹ̀ ni wọ́n gbà jáde. Ajá tó bá sì sọnù lọ́dọ̀ wa, ẹ mọ ibi tó lè já sí. Ìsàlẹ̀ ìkòkò kò jìnnà.

Kó tó di aago méje òwúrọ̀, ẹ mú un rìn dáadáa, kí ẹ gbé kéèjì sí yàrá tó wà láàárín ilé, kì í ṣe èyí tó kọjú sí títì. Ẹ fi aṣọ tó nípọn bo ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, kí ẹ̀gbẹ́ kan ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Bí kò bá sí iná fún fáànù, ẹ̀gbẹ́ méjì ni kí ẹ bò. Rédíò tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ń ṣèrànwọ́. Ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ajá wà nínú ilé. Ṣùgbọ́n ajá tí kò tíì mọ kéèjì rẹ̀ kó tó di ọjọ́ yẹn, ẹ má tì í mọ́nú rẹ̀ nítorí ìbọn. Inú yàrá tó ti mọ́ ọn lára lásán sàn fún un.

Lójú ọ̀nà

Búùtù mọ́tò tí a ń tì pa kì í ṣe ibi ajá, bí ìrìn àjò náà kò tilẹ̀ ju Ìpẹ́rù sí Ìlíṣàn lọ. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Ahọ́n tó yọ síta tó fi ń mí hẹlẹ-hẹlẹ ló fi ń tú ooru ara rẹ̀ dànù, atẹ́gùn gbígbóná tí kò rìn kò sì lè ràn án lọ́wọ́. Nínú mọ́tò tí a tì sóòrùn, ooru ń fi nǹkan bí dígírì 10 lé sí i láàárín ìṣẹ́jú 10. Bí ìta bá jẹ́ 32, inú rẹ̀ á ti di 42 kí ẹ tó ra búrẹ́dì tán lẹ́bàá ọ̀nà. Àpò ìrẹsì tí wọ́n ń di ọmọ ajá sí láti ọjà wálé burú ju búùtù lọ.

Ìjókòó ẹ̀yìn ni kéèjì máa wà, tàbí ẹ̀yìn jíìpù tí atẹ́gùn inú mọ́tò dé. Ẹ kọ ilẹ̀kùn rẹ̀ sí ibi tí ẹ máa ti ṣí i, ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó gba inú ọwọ́ ìgbámú rẹ̀ tàbí yí i ká, kí ẹ sì fi okùn tó ń fún dè é mọ́ ìdí ìjókòó. Ẹ fi ọwọ́ mì í. Bó bá ń yẹ̀, bíréèkì kan ṣoṣo lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Benin á jù ú mọ́ yín lórí. Kí ẹ tó rìn, ẹ wò ó bóyá afẹ́fẹ́ AC ń dé ẹ̀yìn, torí níwájú nìkan ló ń fẹ́ sí nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò. Kí oúnjẹ rẹ̀ ìkẹyìn jẹ́ wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ṣáájú. Ẹ lè máa fún un lómi díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi gbéra.

Ajá tí kò wọ mọ́tò rí, ẹ má fi ìrìn Abuja kọ́ ọ. Ọjọ́ kìíní, kó jókòó nínú kéèjì nínú mọ́tò láìtan ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ kejì, ẹ tan án, ẹ má rìn. Lẹ́yìn náà, ẹ yí àdúgbò po. Lẹ́yìn náà, ẹ dé Mobalufon kí ẹ padà. Itọ́ tó ń dà wọ̀ọ̀, ètè tó ń lá léraléra àti yíyán ni àmì pé èébì ń bọ̀.

Ìrìn jíjìn, ẹ gbéra ní ìdájí, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn má baà ká yín mọ́ nínú oòrùn. Wákàtí méjì-méjì ni kí ẹ máa dúró. Ibi ìdúró yìí ló ń pa ajá jù: ẹni tó ń wakọ̀ á ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, á ṣí kéèjì, ajá tí ẹ̀rù ń bà á sì fò jáde sábẹ́ tírélà. Kí ilẹ̀kùn mọ́tò ṣì wà ní títì, ẹ ṣí kéèjì níwọ̀nba tí ọwọ́ gbà, ẹ fi kọ́là àti okùn sí i lọ́rùn, ẹ yí okùn mọ́ ọrùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó ṣí ohunkóhun mìíràn.

Bí ahọ́n rẹ̀ bá pọ́n kọjá bó ṣe yẹ, tí itọ́ rẹ̀ ń fà bí ilá, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ooru ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹ gbé e sábẹ́ òjìji, ẹ da omi tútù sí i lára láti orí dé ikùn àti itan, kì í ṣe omi yìnyín, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ jẹ́ kó lá omi díẹ̀ bó bá lè dá a lá, kí ẹ sì wá dókítà lọ bí ó tilẹ̀ dà bíi pé ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ara ajá tó gbóná ju dígírì 41 lọ lè ba inú rẹ̀ jẹ́ láìhàn lójú.

Nínú mọ́tò èrò, ẹ bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbé ẹrù, kí ẹ sì múra láti san owó ìjókòó kan fún kéèjì. Kó jẹ́ èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ kò jò. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ló wà lọ́dọ̀ wa tí kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ òun. Ẹ kọ ilẹ̀kùn rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ara yín, kí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí èrò. Kí káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi wà lọ́wọ́ yín. Orí ọ̀kadà kò ṣeé gbé kéèjì sí.

Bó bá jẹ́ bàálù

Kéèjì wáyà àti ti wẹ́dà kò wúlò níbẹ̀. Àpótí ike líle ni, tí bóòtì irin di òkè mọ́ ìsàlẹ̀, kì í ṣe ìkọ́ ike, tó sì ní ihò atẹ́gùn ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí àwọn ẹgbẹ́ iléeṣẹ́ bàálù, IATA, ṣe ń wọ̀n ọ́n yàtọ̀ sí ti ilé. Gígùn rẹ̀ ni imú sí ìdí ìrù, pẹ̀lú ìlàjì gíga ẹsẹ̀ iwájú láti ilẹ̀ dé ìgúnpá. Fífẹ̀ rẹ̀ ni ìlọ́po méjì fífẹ̀ èjìká. Gíga rẹ̀ ni ilẹ̀ sí orí tàbí ṣóńṣó etí ní ìdúró, pẹ̀lú ìnípọn ohun tí ẹ tẹ́ sílẹ̀. Fún ajá ìbílẹ̀ tí a fi ṣàpẹẹrẹ lókè, tí ìgúnpá rẹ̀ ga tó 30, tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ tó 20: 70 àti 15 jẹ́ 85 ní gígùn, fífẹ̀ rẹ̀ 40. Ajá onímú kúkurú bíi Bulldog àti Pug ń fẹ́ ìdá mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún sí i, ọ̀pọ̀ bàálù kì í sì í gbé wọn rárá nítorí mímí wọn.

Abọ́ oúnjẹ àti ti omi gbọ́dọ̀ wà lára ilẹ̀kùn, kí a lè bu nǹkan sí i láti ìta. Ẹ fi omi inú abọ́ náà sí fíríísà di yìnyín lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú; kò ní dà nígbà tí wọ́n bá ń gbé e, á sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Àkọlé “Live Animals” àti ọfà tó ń tọ́ka òkè gbọ́dọ̀ hàn lára rẹ̀. Ẹ má fún un ní oògùn oorun: ó ń dín mímí àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kù níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i.

Ìwé ló ń gba àkókò ju kéèjì lọ. NAQS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn àti ẹranko tó ń wọlé tàbí tó ń jáde, ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ láti gbé ẹranko jáde ní Nàìjíríà. Fún ilẹ̀ Yúróòpù, microchip, ẹ̀rọ bíńtín onínọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ ajá, ló ń ṣáájú, kí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tó tẹ̀ lé e. Ó kéré tán, ọjọ́ 30 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, oṣù mẹ́ta sì gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà kó tó wọ̀lú. Amẹ́ríkà kì í gba ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà láti oṣù Kẹjọ ọdún 2024. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó ka oṣù wọ̀nyí á fi ajá sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú ni.

Láàárín oṣù tí ẹ fi ń dúró de ìwé yẹn ni kí ẹ gbé àpótí ike náà sí ojúkò kéèjì wáyà ní pálọ̀, kí ẹ so ilẹ̀kùn rẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀dọ̀ màlúù. Bó bá di ọjọ́ ìrìn, aṣọ tó ti ń sùn lé, láìfọ̀, ni kí ẹ tẹ́ sínú rẹ̀.